Ọmọ Tó Mọ Bọ́ọ̀lù Gbá: Kí Ni Kí A Wò Kí A Tó Jọ̀wọ́ Rẹ̀?

  

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni yóò ti máa jẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń jẹnu ṣámúṣámú ni yóò di àṣàmú. Ẹ lọ sí pápá èyíkéyìí ní Abẹ́òkúta yìí nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ìbáà ṣe ní Kútọ̀, ní Aṣèrò, ní Lafẹ́nwá tàbí ní Ìjẹmọ̀, ẹ óò rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn yá bí ẹsẹ̀ ìgalà. Baba kọ̀ọ̀kan tó dúró létí pápá ti rí ọmọ tirẹ̀ ní ìlú òyìnbó nínú ọkàn rẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ẹsẹ̀ ọmọ náà.

A kò bá wọn wí. Oúnjẹ wà nínú bọ́ọ̀lù lóde òní, ó sì ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ tí àwọn òbí ti ń wá sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé kí á bá àwọn ṣe àdúà, nítorí pé ẹnì kan ti rí ọmọ àwọn, ó sì fẹ́ mú un lọ sí òkè òkun. Àdúà kò ṣòro. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú àdúà ni ó ṣòro. Ta ni ẹni náà? Ọmọ yín pé ọmọ ọdún mélòó? Ṣé dọ́kítà ti gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù? Ẹlòmíràn á wojú wa bí ẹni pé a fẹ́ ba ire òun jẹ́. Ẹlòmíràn sì ti ta ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó wá gba àdúà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni ó yẹ kí a wò lára ọmọ, kí ni ó sì yẹ kí a wò lára ẹni tó fẹ́ mú un lọ?

Agbára àti ìfọkàntán

Nínú Al-Kùránì alápọ̀nlé, ìtàn Ànábì Mùsá, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa bí a ti ń yan ènìyàn sí iṣẹ́. Nígbà tó sá kúrò ní Íjíbítì tó sì dé ibi omi Madyan, ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ẹran wọn títí àwọn darandaran yóò fi kúrò níbẹ̀. Mùsá bá wọn fún ẹran wọn lómi. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn gba baba rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó gba ọkùnrin náà síṣẹ́. Ohun méjì ni ó tọ́ka sí lára rẹ̀: ó lágbára, ó sì ṣe é fọkàn tán.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò mú ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tó lágbára tí kò ṣe é fọkàn tán, yóò fi agbára náà ṣe ni níbi ni. Ẹni tó ṣe é fọkàn tán tí kò lágbára, kò ní lè gbé ẹrù tí a fẹ́ gbé lé e lórí.

Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, náà yẹ àwọn ọ̀dọ́ wò. Nígbà tí ogun Uhud súnmọ́lé, àwọn ọmọdékùnrin Mẹ̀dínà ń fẹ́ bá àwọn àgbà lọ. Abdullahi ọmọ Umar jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà náà. Ànábì kò gbà á láyè. Nígbà tí ó di ogun Khandaq, tó sì ti di ọmọ ọdún 15, ó gbà á. Àwọn onítàn tún sọ pé a gba Rafi ọmọ Khadij nítorí pé ó mọ ọfà ta. Ni Samura ọmọ Jundub, ẹni tí a ti dá padà, bá ní òun a máa dá Rafi lulẹ̀ bí àwọn bá ń jìjàkadì. Wọ́n ní ó dára, kí àwọn méjèèjì jà á kí a rí i. Samura dá Rafi lulẹ̀ lóòótọ́, a sì gba òun náà.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀. Wọ́n mọ ọjọ́ orí ọmọ, wọn kò sì yí i. Wọ́n wo ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ọmọ sì sọ pé òun tó bẹ́ẹ̀, wọn kò fi ẹnu lásán gbà á. Wọ́n dán an wò lójú gbogbo ènìyàn.

Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń yẹ ọmọ wò

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ yíyẹ ọmọ wò di iṣẹ́ ńlá. Bọ́ọ̀lù tiwọn kò rí bí tiwa. Ó gùn lórí, ó gùn ní ìdí; ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n sì ń fi èjìká kọlu ara wọn. Ẹnì kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní quarterback. Òun ni olórí àwọn tó ń kọlu ilé ọ̀tá. Òun ni wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́, yóò sì pinnu ní kíá ẹni tí yóò jù ú sí, kí àwọn géńdé tó ń sáré bọ̀ tó wó o mọ́lẹ̀. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran jìnnà, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, agbára apá kò lè gbà á.

Inú àwọn yunifásítì ni wọ́n ti ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin wọn ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè yàn án. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ 32 máa ń yan ọmọ ní ẹsẹẹsẹ, ẹgbẹ́ tó ṣe tìkẹyìn ní ọdún tó kọjá ni ipò àkọ́kọ́ sì tọ́ sí. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n á kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ sí ìlú Indianapolis. Wọ́n á wọn gíga wọn àti ìwúwo wọn. Wọ́n á wọn àtẹ́lẹwọ́ wọn láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Wọ́n á ní kí wọ́n sáré 40 yáàdì. Dọ́kítà á di orúnkún àti èjìká wọn mú. Àwọn ọ̀gá á pè wọ́n wọ yàrá, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ilé, nípa ìwà, nípa eré tí wọ́n pàdánù.

Ǹjẹ́ pẹ̀lú gbogbo èyí, ṣé wọn kì í ṣi ọmọ mú? Wọ́n ń ṣì í mú! Ní ọdún 2000, ọmọkùnrin kan jáde láti Yunifásítì Michigan, Tom Brady ni orúkọ rẹ̀. Kò sanra, kò sì lè sáré. Quarterback mẹ́fà ni wọ́n yàn ṣáájú rẹ̀. Ipò 199 ni wọ́n tó pe orúkọ tirẹ̀. Ọkùnrin yìí gba ife tó ga jù ní ilẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀meje kí ó tó fẹ̀yìn tì pátápátá ní 2023. Ní ọdún 2007 ẹ̀wẹ̀, JaMarcus Russell ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo ọmọ. Apá rẹ̀ le bí irin, ṣùgbọ́n ní 2010 ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Òṣùwọ̀n mọ ẹsẹ̀ wọ̀n, ó mọ apá wọ̀n. Kò mọ ọkàn wọ̀n.

Ọmọ Èkó kan ní ọdún 1984

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ilé. Nínú eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú agbọ̀n, irú yíyàn yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù sì ni ti ọdún 1984. Ọmọ Yorùbá, Mùsùlùmí, ni ó ṣe ipò kìíní níbẹ̀.

Èkó ni wọ́n ti bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù Kíní ọdún 1963. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ní ilé ìwé, bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ ni ó ń gbá, adíle sì ni. Ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sílé. Ó ti di ọ̀dọ́ gíga kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Nígbà tó dé ìlú Houston ní 1980 láti wá fi ara rẹ̀ han Yunifásítì ibẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní kí ó wọ takisí máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kí ẹni tí yóò sọ ìlú wọn di olókìkí káàbọ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, kò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rárá, nítorí ìwé àṣẹ. Kò fi ìbínú padà sílé. Ó ń jẹun, ó ń kàwé, ó ń kọ́ eré. Nígbà ọlidé, ó ń bá Moses Malone jà á ní pápá, ẹni tó jẹ́ akọni nínú àwọn tó ń fi eré náà ṣe iṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí yóò fi di 1983 àti 1984, yunifásítì rẹ̀ ti dé àṣekágbá gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mejèèjì, síbẹ̀ òun ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù ní ti 1983. Àwọn tó mọ ọmọ wò ti rí i pé ẹsẹ̀ tó fi ń ṣọ́lé ní Èkó ni ó fi ń jó káàkiri àwọn òmìrán náà.

Ní ọdún 1984, wọ́n ju owó ẹyọ sókè láàárín Houston àti Portland. Houston jẹ ẹ́, wọ́n sì mú Hakeem. Ó wá kan Portland. Ẹni méjì ló wà níwájú wọn: Sam Bowie, ọmọ gíga kan láti Yunifásítì Kentucky, àti Michael Jordan láti North Carolina. Portland ti ní ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Jordan ń ṣe. Ẹni gíga ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n eegun ojúgun Bowie ti ṣẹ́ rí, ó sì ti fi ọdún méjì jókòó nílé nítorí rẹ̀. Àwọn dọ́kítà Portland yẹ̀ ẹ́ wò fún nǹkan bíi wákàtí méje. Wọ́n fi òòlù kékeré kan ojúgun rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní kò dun òun. Wọ́n mú un. Eegun náà kò jẹ́ kí ó sinmi; ó ń ṣẹ́, wọ́n ń tò ó. Jordan tí wọ́n fi sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Chicago, ó sì gba ife mẹ́fà fún wọn. Ní ọdún 2012, Bowie fúnra rẹ̀ wá sọ fún gbogbo ayé pé nígbà tí wọ́n ń fi òòlù náà kan òun, ó dun òun.

Ẹ má bínú sí i jù. Ọ̀dọ́ ni, ó ní àwọn tí ó fẹ́ gbọ́ bùkátà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìtàn Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti oníṣòwò ọkà. Ó rí òkìtì ọkà lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan èyí tó tutù nísàlẹ̀. Oníṣòwò náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bá a wí pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù náà sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí ọmọ bá ní egbò, ẹ fi sókè òkìtì.

Ní ti Hakeem, gbogbo ayé ni ó mọ ìyókù. Ó gba ife fún Houston ní 1994 àti 1995. Ní 1991 ni ó tún orúkọ rẹ̀ kọ bí ó ti yẹ kí á máa kọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ dan-in dan-in mú ẹ̀sìn rẹ̀. Nínú oṣù Kejì ọdún 1995, ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí àárín eré. Ó gba ààwẹ̀ rẹ̀, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù ní oṣù náà. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín tó ní bọ́ọ̀lù kò jẹ́ kí òun kírun.

Ràṣídì Yékínì ní Abẹ́òkúta

Àwa náà ní tiwa lábẹ́ Olúmọ. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí ní 1937, dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes sílẹ̀ ní ìlú yìí, ẹgbẹ́ náà sì gba ife ńlá ti Nàìjíríà ní 1985 àti ní 1987. Orúkọ rẹ̀ ni pápá ìṣeré tó wà ní Kútọ̀ ń jẹ́, níbi tí eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè ti wáyé ní oṣù Karùn-ún 2025.

Nínú àwọn tó wọ aṣọ Abiola Babes ni Ràṣídì Yékínì. Kàdúná ni wọ́n ti bí i ní 1963, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ará Ìrá ní Kwara. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn kí ó tó wá sí Abẹ́òkúta. Ní 1987 ni ó kọjá sí Abidjan, ó sì wọ Pọ́túgà ní 1990. Ní 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje ife àgbáyé, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n ilé, ó ń ké. Góòlù 37 ni ó jẹ fún Nàìjíríà. Ó ṣaláìsí ní Ìbàdàn ní oṣù Karùn-ún 2012. Kí Ọlọ́hun foríjì í, kí Ó sì kẹ́ ẹ.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wa. Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó kọ́kọ́ fi Nàìjíríà sílẹ̀? Ó ti lé ní 23. Nígbà tó dé Yúróòpù, ó ti ń lọ sí 27. Nígbà tó di ọ̀gá Áfíríkà, ó ti pé 30. Ilé ni ó ti gbó, ilé ni ó ti kọ́ bí a ti ń jẹ góòlù níwájú èrò tó ń bú ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé bí ọmọ yín kò bá lọ lọ́dún yìí, ó ti bọ́ nìyẹn, ẹ bi í léèrè nípa Yékínì. Ní òde òní pàápàá, ẹ kò ní láti wo ọ̀nà jíjìn. Remo Stars ti Ìkẹ́nẹ́, ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà, ni ó gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025.

Ọkàn tó ń lù nínú àyà

A máa ń wo ẹsẹ̀ ọmọ, a kì í wo àyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, Samuel Okwaraji ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà pẹ̀lú Angola ní Sùúrùlérè. Ọmọ ọdún 25 ni, ó kàwé òfin, ó sì lágbára lójú. Eré kù díẹ̀ kó parí nígbà tó ṣubú. Kò dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru.

Ní 1996, lẹ́yìn tí Nwankwo Kanu gba ife wúrà Òlíńpíìkì pẹ̀lú Nàìjíríà, ó dé ọ̀dọ̀ Inter Milan ní Ítálì. Àwọn dọ́kítà wọn gbọ́ ohun tí kò dára nínú ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde níbẹ̀ kò pa dé dáadáa. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó sì padà sórí pápá. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2000 tó ń ran àwọn ọmọ tó ní àrùn ọkàn lọ́wọ́.

Ẹ wo ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Àyẹ̀wò tí à ń bẹ̀rù pé yóò ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́, òun ni ó dá ẹ̀mí ọmọ sí. Bí ọmọ yín bá ń dá kú lórí pápá, tàbí tí ó ń mí gúlegúle ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí ẹnì kan nínú ìdílé yín ti kú ikú òjijì nígbà ọ̀dọ́, ẹ má fi aṣọ bò ó. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìdí-Abà níhìn-ín. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n gbọ́ ọkàn rẹ̀.

Ọjọ́ orí méjì

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń tini lójú. Wọ́n ní ọjọ́ orí tòótọ́ wà, ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù sì wà. Ẹni tó ti pé 21 á di ọmọ 16 lórí ìwé. Baba á búra sí i ní kóòtù, ìyá á dákẹ́.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 1989, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wa kan kò bá ara wọn mu láti ìdíje kan sí èkejì. Wọ́n lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì. Ìdíje ọ̀dọ́ àgbáyé tí à bá gbà lálejò ní 1991 sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Láti 2009, nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wá sí Nàìjíríà níhìn-ín, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo eegun ọrùn ọwọ́ ọmọ. Eegun ọ̀dọ́ ní àlàfo létí tó ń dàgbà. Bí ọmọ bá ti ń kọjá ọdún 17, àlàfo náà á ti dí. Ní 2016, ọmọ 26 ni ẹ̀rọ yìí dá padà nínú àwọn tí wọ́n kó jọ fún ẹgbẹ́ wa. A lè bẹ akọ̀wé kí ó yí ìwé, a kò lè bẹ eegun.

Ẹ̀yin òbí, ta ni irọ́ yìí ṣe ní ibi jù? Ọmọ kan wà níbìkan tó jẹ́ ọmọ 16 lóòótọ́, tó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àga rẹ̀ ni ẹni ọdún 21 jókòó lé. Ẹ̀tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni a jẹ. Ànábì dá ọmọ Umar padà fún ọdún kan ṣoṣo tó kù, kò sì sí ẹni tó sọ fún ọmọ náà pé kí ó fi ọdún kan kún un.

Ẹ yẹ ẹni tó ń mú un lọ wò

Bí Iléyá bá ń bọ̀, kò sí Mùsùlùmí tí í ra àgbò ní òkùnkùn. A ó wo ojú rẹ̀ bóyá ó fọ́. A ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń tiro. A ó là á lẹ́nu wo eyín. A ó ní kí ó rìn. Ẹran tí a ó pa lọ́jọ́ kan ni a ṣe gbogbo èyí fún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó sọ pé òun mọ òyìnbó kan, a fi ọmọ àti owó lé e lọ́wọ́ láìbi í ní orúkọ baba rẹ̀.

Láti ọdún 2000 ni Jean-Claude Mbvoumin, ará Cameroon tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀ rí, ti dá àjọ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ já sílẹ̀ ní ìgboro. Wọ́n gba owó òbí wọn, wọ́n mú wọn dé òtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n sì lọ. Ọmọ náà kò ní ìwé, kò gbọ́ èdè, ojú sì ń tì í láti padà sílé, nítorí pé ó mọ ohun tí wọ́n tà kí òun tó lọ.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àyàfi nínú àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀, bíi kí òbí fúnra wọn ti ṣí lọ síbẹ̀ fún ìdí tí kò kan bọ́ọ̀lù. Láti 2023, ejẹ́ǹtì tó bá fẹ́ ṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò, kí ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ FIFA. Kò sì gbọdọ̀ bá ọmọ tí kò pé 18 dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ láìsí ìwé tí òbí ọmọ fọwọ́ sí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín, ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Èkínní, kí ni orúkọ rẹ tó wà lórí ìwé àṣẹ FIFA? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kan tó mọ̀wé wá orúkọ náà lórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀.

Èkejì, ẹgbẹ́ wo ni ó pe ọmọ wa, ta sì ni ó fọwọ́ sí ìwé ìpè náà? Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà tààrà. Ẹ má gba nọ́ńbà tí òun fún yín.

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò náwó? Ẹni tó ń fẹ́ igi ni í san owó agégi. Ẹgbẹ́ tó rí ohun rere lára ọmọ kì í ní kí baba rẹ̀ ta ilẹ̀. Bí owó bá ti ń ti ọ̀dọ̀ yín jáde ṣáájú, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọjà.

Ẹ̀kẹrin, bí kò bá ṣe é ṣe, ta ni yóò mú un padà wálé, ní ọjọ́ wo? Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa bí ó ti ń dáhùn èyí.

Ẹ̀karùn-ún, ilé ìwé wo ni yóò máa lọ níbẹ̀? Ẹsẹ̀ lè ṣẹ́ ní ọ̀sán kan. Ìwé kì í ṣẹ́. Yunifásítì ni Hakeem kọ́kọ́ lọ, inú yunifásítì sì ni wọ́n ti rí i.

Ní ti ọmọ fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyìn ará àdúgbò ni yóò ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bá àwọn tó jù ú lọ gbá a, bí Hakeem ti bá Malone gbá a. Ẹ wò ó lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàdánù: ṣé ẹlòmíràn ni ó ń dá lẹ́bi, tàbí ó padà sí pápá lọ́jọ́ kejì? Ẹ wò ó bí kóòṣì bá yọ ọ́ kúrò. Ẹ wò ó nígbà tí wọ́n bá pe ìrun Alásàárì tí eré sì ń dùn. Ọmọ tó lè fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ó ní ohun tí òyìnbó ń wá tí òṣùwọ̀n wọn kò lè wọ̀n.

Bí ọmọ bá sì tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ má dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ halali ni, ẹ̀bùn Ọlọ́hun sì ni. Bí kò bá tó, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́ nígbà tó ṣì lè kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ kì í ṣe àgbò tí a ń sin tà. Ohun ìfọkàntán ni ó jẹ́ lọ́wọ́ wa, Ẹni tó fi í pamọ́ sọ́dọ̀ wa yóò sì béèrè rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Kí Ó ṣí ojú wa kí a lè dá olóòótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlẹ́tàn. Àwọn tó ti lọ tí a kò gbúròó wọn mọ́, kí Ọlọ́hun mú wọn padà wálé láyọ̀. Àmín.